Ẹ bá mi wá ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi: ìyá wa ní "ọ̀sẹ̀ tí òyìnbó lọ sí òṣùpá" ni

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dá ìjà sílẹ̀ nílé wa, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà tó lè là á wà níbí.

À ń múra ọjọ́ ìbí ìyá wa. A fẹ́ tẹ ìwé kékeré kan tí orúkọ àwa ọmọ àti ọjọ́ tí wọ́n bí wa máa wà nínú rẹ̀. Tèmi ò le, èmi ni àbígbẹ̀yìn, káàdì ìbí mi ṣì wà nínú àpótí, 1983. Ti ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló di wàhálà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1972 ló wà nínú ìwé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wa lóko ló wà, ó pẹ́ kí wọ́n tó mú un wá síléèwé. Tíṣà ní kó na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ kàn án dáadáa. Tíṣà wo ojú rẹ̀, ó kọ ọjọ́ tó wù ú, ó pe ọmọ tó kàn.

Ìyá wa ò mọ ọjọ́, ìròyìn ló mọ̀. Nígbà tí òun àti bàbá wa wà ní Kumasi, ní Ghana, yàrá kan ni wọ́n gbà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò. Rédíò onílé wà lórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ẹni bo àmàlà kó má tutù. Bó bá di alẹ́, onílé á ṣí aṣọ, àwọn ayálégbé á jókòó yí i ká: BBC, Voice of America. Bàbá wa ló máa ń túmọ̀ fún àwọn obìnrin. Nítorí náà, bí ẹ bá bi ìyá wa ní ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni nínú wa, Amẹ́ríkà ló máa kọ́kọ́ mú yín dé. Bó ṣe wí rèé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú yẹn ní Amẹ́ríkà, ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí. Imọ̀ ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a gbàdúrà fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín, ọ̀sẹ̀ tí òyìnbó lọ sí òṣùpá ni mo bí i. Èyí obìnrin, àárọ̀ tí wọ́n ń pariwo pé Ali ti lu Foreman. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọdún Kunta Kinte."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé fóònù, ó wo íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, ó ní ká fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá wa tẹ̀wé. Ìyá wa ní rárá o, kì í ṣe ìyẹn: "Ti àkọ́kọ́ yẹn, oyún ṣì wà nínú mi, mo ń gbé igbá òwú àti abẹ́rẹ́ lọ sọ́jà."

Èwo wá ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n tiẹ̀ lọ gan-an?

Sọ̀rọ̀sókè (Ògbómọ̀ṣọ́)

Apollo 11 ni jàre, bọ̀dá. Armstrong àti Aldrin sọ̀ kalẹ̀, Collins ń yí po lókè. Àwọn ìyá wa máa ń gbàgbé nǹkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ sinmi.

Tíṣà Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

"Máa ń gbàgbé" kẹ̀? Obìnrin tó rántí ohun tó wà lọ́wọ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì! Sọ̀rọ̀sókè, fara balẹ̀ ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìyá yìí wò, ká mọ̀ bóyá ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé ni. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1968 ni wọ́n yìnbọn lu Martin Luther King ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Memphis. Alẹ́ tiwọn nìyẹn o. Ní Kumasi, aago méjìlá òru ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, nítorí náà àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni rédíò onílé yẹn á ti kà á. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 7, ọjọ́ wo ni lórí kàlẹ́ńdà ìjọ? Ọjọ́ Àìkú Imọ̀ Ọ̀pẹ! Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 14. Ọjọ́ 7 yẹn kan náà ni Ààrẹ Johnson yà sọ́tọ̀ fún ọ̀fọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìyá yín ò gbàgbé nǹkan kan. Bó bá ní òṣùpá àkọ́kọ́ kọ́, òṣùpá àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni èèyàn sọ̀ sórí òṣùpá, àwọn méjìlá ni lápapọ̀: oṣù Keje 1969, oṣù Kọkànlá 1969, oṣù Kejì 1971, oṣù Keje 1971, oṣù Kẹrin 1972, oṣù Kejìlá 1972. Ti oṣù Kẹrin 1970 kò débẹ̀, ìyẹn Apollo 13. Táǹkì afẹ́fẹ́ wọn bú lójú ọ̀nà, orí ló kó wọn yọ. Àwa èèyàn ò ka èyí tó kù sí mọ́ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, torí náà ni gbogbo ayé ṣe ń pe ẹyọ kan péré ní "ọdún òṣùpá".

Nígbà tí mo ń kọ́ni, mo máa ń bá àwọn òbí wá ọjọ́ ìbí ọmọ wọn báyìí. Ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni èyí: ìròyìn tó bá gba orí rédíò wọlé, ẹ gbà á, ọjọ́ rẹ̀ ò ní jìnnà. Fíìmù àti àwo orin, ẹ má fi ka ọjọ́ rárá.

Ẹ gbọ́ ìdí. Lọ́jọ́ tí wọ́n pa Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà, iléèwé olùkọ́ ni mo wà níbí ní Ọ̀yọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni ìbọn dún ní Dallas; tiwa jẹ́ aago méje ààbọ̀ alẹ́. A wà nídìí ìwé kíkà alẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa wọlé láti ibi tí asọ̀rọ̀mágbèsì wà, ó ní ká pa ìwé dé. Kò tíì tó aago mẹ́wàá tí gbogbo wa fi mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ìyá rẹ̀ sì ní "alẹ́ Kennedy", kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣiyèméjì.

Ẹ wá wo Jim Reeves, olórin Amẹ́ríkà yẹn. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1964 ló kú, bàálù tó ń wà fúnra rẹ̀ ló já lulẹ̀ nítòsí Nashville. Ta ló mọ̀? Àwo tuntun ṣì ń jáde lórúkọ rẹ̀, Kérésì ò pé láìsí i, ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ jókòó ó kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn ìgbà tí ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán. Bí ìyá kan bá sọ pé "ọdún Jim Reeves" ni òun bímọ, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí ara wọn. Bákan náà ni Kunta Kinte, ti inú fíìmù Roots. Oṣù Kìíní ọdún 1977 ni wọ́n fi hàn ní Amẹ́ríkà, alẹ́ mẹ́jọ tẹ̀léra. Kí ó tó dé orí amóhùnmáwòrán ilé wa, kí aládùúgbò yín tó ní tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn tún di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ́ ti Kunta Kinte, ẹ wá ibòmíràn wá ọjọ́ rẹ̀ sí.

Ti obìnrin ò ní wàhálà. Ọjọ́rú, ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1974. Aago mẹ́rin ìdájí ni ìjà bẹ̀rẹ̀ ní Kinshasa, aago tiwa àti tiwọn ò sì yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ ní irú aago bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó sanwó láti wò ó ní Amẹ́ríkà fẹ́ kó bọ́ sí alẹ́ tiwọn. Ìpele kẹjọ ni Foreman ṣubú. Ilẹ̀ mọ́ báyìí, ariwo gba ìgboro. Ẹ kọ ti ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Ó ku ẹ̀gbọ́n àgbà. Wá padà lọ bi ìyá: kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Ghana lọ́sẹ̀ yẹn? Má bi í nípa òṣùpá rárá. Bi í nípa ilé.

Ọmọ Ajílété

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Mo ti bi í. Ẹ wo ohun tó ní (Busia tó dárúkọ yìí ni olórí ìjọba Ghana nígbà náà):

"Ọ̀sẹ̀ tí Busia ní ká máa lọ ni. Bàbá yín ò ní ìwé. Àwọn kan ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní owó ẹyin adìyẹ. Èmi ò lè dìde. Ọkọ̀ òṣùpá yẹn, òun ni èyí tí àrá sán sí."

Ibi tó mẹ́nu ba àrá yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àrá wo ló máa ń sán lójú òṣùpá? Ìyá wa bínú, ó dìde, ó lọ fa àwo tánganran kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwo ńlá, àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ ti bó, ìdí rẹ̀ ti gba àlẹ̀mọ́ lójú méjì. Ó ní inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wẹ ẹ̀gbọ́n wa, inú rẹ̀ náà ni wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sí nígbà tí wọ́n gun lọ́rí bọ̀ wá sílé. Ó ní ká bi àwo náà bí òun ń purọ́.

Olúkòso (Ọ̀yọ́)

Kábíyèsí o! Wọ́n mẹ́nu ba àrá, ọmọ Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ẹ sọ fún àǹtí kí wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyá wọn, torí òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Apollo 12 ni. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ló gbéra ní Florida. Òjò ń rọ̀, Ààrẹ Nixon wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan lókè tí mànàmáná fi bá a lẹ́ẹ̀mejì. Iná tó ń tú jáde ní ìdí rẹ̀ ló di okùn tí àrá gbà sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo iná ìkìlọ̀ inú ọkọ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ sí Houston, níbi tí wọ́n ti ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀, sì di ràndánràndán. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ John Aaron rántí pé òun ti rí irú ràndánràndán bẹ́ẹ̀ rí nígbà ìdánrawò. Ó ní kí wọ́n yí súìṣì kan báyìí. Ọ̀gá rẹ̀ ò mọ súìṣì náà, Conrad tó jẹ́ olórí inú ọkọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Alan Bean ló mọ ibi tó wà, ló na ọwọ́ yí i. Bí wọ́n ṣe ráyè lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ṣe tí Ṣàngó fi ń bínú.

Wọ́n sọ̀ sórí òṣùpá ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 19, wọ́n já sínú òkun padà ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24. Ó tún ku ọ̀kan: kámẹ́rà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n gbé lọ, Bean kọjú rẹ̀ sí oòrùn láìmọ̀, kámẹ́rà fọ́jú. Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n kò rí nǹkan wò, ohùn ni gbogbo wọn ń gbọ́. Àwọn tó jókòó ti rédíò ní Kumasi kò pàdánù ohunkóhun lára àwọn olówó.

Ọmọ Òkè-Ẹlẹ́rìn (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yẹn ló mú mi.

Àwa tí a dàgbà sí àdúgbò Bàptíìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́, òyìnbó Amẹ́ríkà kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ló dá iléèwé pásítọ̀ sílẹ̀ ní 1898, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn ní 1907. Ìjọ tó rán wọn wá, gúúsù Amẹ́ríkà ló wà, níbi tí àwọ̀ dúdú àti funfun ò ti jọ ń jókòó. Pásítọ̀ Bàptíìsì ni King náà. Mo ti kéré jù nígbà náà láti mọ bí nǹkan ṣe rí, ìgbà tí mo dàgbà ni mo ka ìtàn Sam Oni. Ọmọ Ghana ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wo orúkọ náà. Míṣọ́nnárì Bàptíìsì ló mú un wá sí ìgbàgbọ́. Ní 1963, Mercer, yunifásítì Bàptíìsì ní Macon, Georgia, gbà á wọlé, òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1966 ó múra lọ jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Tattnall Square tó wà nínú ọgbà iléèwé náà gan-an, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pásítọ̀ tó ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Ghana, tó jẹ́ Bàptíìsì, tó gbọ́ ìyẹn ní 1966, tó tún gbọ́ pé wọ́n pa King ní 1968. Lójú tèmi, kò yà mí lẹ́nu pé ìyá yìí rántí ọjọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.

Àlájà Tamale (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ̀rọ̀ dé òṣùpá ẹ ò béèrè ohun tó wà nílẹ̀. Ghana ni wọ́n bí èmi náà sí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Bí o bá bímọ láàárín àwọn Aṣanti, kí bàbá ọmọ tó ronú orúkọ ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ pè é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kwabena. Ọjọ́rú, Kwaku. Ọjọ́bọ̀, Yaw. Ọjọ́ Ẹtì, Kofi. Kò sí bí ìyàwó onílé ò ṣe ní pe ọmọ yẹn ní ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọ Ajílété, bi màmá: kí ni àwọn ará ilé Kumasi ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ?

Ọmọ Ajílété

Kwaku!

Mi ò tíì parí ìbéèrè tó fi dáhùn. Ó ní ìyàwó onílé ló kọ́kọ́ gbé e, ló ń pariwo "Kwaku, Kwaku" káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwa ọmọ tó gbọ́ orúkọ yìí rí, ẹ̀gbọ́n wa fúnra rẹ̀ ò gbọ́ ọ rí. Ó tún ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ka òfin Busia ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run òun, ilẹ̀ mọ́ kí òun tó bí, àti pé Zongo ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó gun lọ́rí.

Tíṣà Akẹ̀sán

Àlájà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia gbé òfin náà jáde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìgbà tí Apollo 12 ti gbéra ní ọjọ́ 14 títí ó fi padà wálẹ̀ ní ọjọ́ 24, Ọjọ́rú kan ṣoṣo ló wà láàárín: ọjọ́ 19. Tí ẹ bá ka ọjọ́ mẹ́jọ láti ibẹ̀, ìsọmọlórúkọ bọ́ sí ọjọ́ 26, ó sì ku bí ọjọ́ mẹ́fà kí gbèdéke tó pé. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu.

Aago méje òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ní Kumasi nígbà tí Conrad àti Bean gúnlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀: Ọjọ́rú, ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1969.

Sọ̀rọ̀sókè

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ o.

Ọmọ Ajílété

Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù, mo rò pé ó máa yọ̀. Ó pè mí padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba lòun ń ṣe? Ó ní 1972 lòun fi wọṣẹ́, 1972 lòun máa fi fẹ̀yìn tì, àti pé ta ló rán ìyá wa níṣẹ́ òṣùpá. Ìyá wa gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní "Kwaku, gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún", ó gbé e sílẹ̀.

A ti fẹnu kò pé ọjọ́ àti oṣù nìkan la máa tẹ̀ fún gbogbo wa, a ò ní kọ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbí, ẹ ò ka nǹkan kan o.

Ìyá Ìbejì Sábó (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá Tíṣà, ẹ má tíì lọ. Èmi náà nìyí. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú kan bú gbàmù lójú ọ̀run ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi, tíṣà obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbọ́ ọ lórí rédíò, ló wá sọ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ mí.

Tíṣà Akẹ̀sán

Challenger nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986. Àwọn méje ló wà nínú rẹ̀, Christa McAuliffe ni tíṣà náà, ìṣẹ́jú àáyá 73 péré ló lò lókè. Òtútù òru tó ṣáájú ló ba rọ́bà kan jẹ́ lára rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí iná fi ráàyè yọ.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ló ṣẹlẹ̀ ní aago tiwa. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n wẹ̀ ọ́, ọjọ́ 28 ni. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ mú ìròyìn wọlé, ọjọ́ 29 ni. Lọ bi ẹni tó wẹ̀ ọ́ bóyá wọ́n tan àtùpà.